Orúkọ Kan fún Ọmọ Púpọ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí ọ̀kan nínú ọmọ ìyá bá là tí èkejì kò là. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yá a lò fún ọ̀rọ̀ mìíràn lónìí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe fi orúkọ kan ṣoṣo, ọ́tísíìmù, pe oríṣiríṣi ọmọ, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí rẹ̀ sí ibi tí kò sí, kí wọ́n tó yíjú sí ọpọlọ. Èdè ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì. N kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Àbúrò mi ni ó tì mí dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Oríkì rẹ̀, Àyìndé, ni n ó máa fi pè é nínú ìwé yìí.

Ifo ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, kò jìnnà sí ibi tí ojú irin Ìdógò ti yà kúrò lára èyí tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìyá wa ń ta èlùbọ́ àti gaàrí lọ́jà Ifo. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bí Àyìndé, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Nígbà tí ó pé ọdún kan àti ààbọ̀, ó ti ń pe "màmá", ó ń pe "omi", ó ń pe "bọ́ọ̀lù", ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wa láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá wa kọ́ ilé oníyàrá méjì sí Mowe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. A kó lọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí a dé Mowe tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu Àyìndé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bọ́ọ̀lù" ló kọ́kọ́ lọ. "Omi" ló lọ kẹ́yìn. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í bojú wẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fọn fèrè lójú títì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á sì máa ké. Ìdérí ìgò ló ń kó jọ. Á tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, ẹni tó bá sì ṣí ọ̀kan nípò ti dá ogun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀. Ìbátan wa kan ní ilẹ̀ Mowe ni a kò bẹ̀ kí a tó wọlé. Wòlíì kan ní emèrè ni ọmọ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì gba ohùn rẹ̀. Olùkọ́ kan ní àkẹ́bàjẹ́ ni, pàṣán ni yóò mú un sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ìka gbogbo wọn nà sí: ìyá wa. Òun náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Lóròòru, nígbà tí ó bá rò pé a ti sùn, mo máa ń gbọ́ tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo kó ọmọ mi kúrò ní Ifo." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé Yunifásítì, òun ni ó sì mú mi lọ wá ìwé tí kò kan ẹ̀kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo kọ́kọ́ wá ìtàn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fà á, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ara ẹni". Dókítà kan ní Switzerland, Eugen Bleuler, ni ó dá a sílẹ̀, ó sì wà nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1911. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí orí wọn dàrú, tí wọ́n kó sínú ara wọn, ni ó ń sọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe ọmọdé. Ní Moscow, obìnrin oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Grunya Sukhareva kọ̀wé nípa ọmọkùnrin 6 tí ìwà wọn ṣàrà ọ̀tọ̀. Ní 1926 ni ó jáde ní èdè Jámánì. Àwọn ènìyàn kò kà á sí. Ní 1943 ni Leo Kanner ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, láti ìgbà náà ni orúkọ yìí sì ti mọ́ àwọn ọmọdé lára. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna nípa àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe.

Nígbà tí mo ka ohun tí Kanner kọ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, orí mi wú. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní "ìwọ" tí wọ́n sì ń pe ẹlòmíràn ní "èmi". Àyìndé ti pé ọmọ ọdún márùn-ún kí ọ̀rọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò wá dúró níwájú ìyá wa, yóò ní, "Ṣé o fẹ́ mu omi?" Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ó ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí pé kò mọ àgbà yàtọ̀. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn tí omi ń tẹ̀ lé ni ó dì mú lódindi, kò tú u palẹ̀ bí àwa yòókù ti ń tú u. Kanner ti gbọ́ irú rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Baltimore, kí wọ́n tó bí ìyá wa.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé Kanner tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lójú: ó ní ọmọ 5 nínú 11 náà ni orí wọn tóbi díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀ ná. A ó padà bá a.

Ẹ̀bi àwọn òbí ni ayé gbá mú. Kanner fúnra rẹ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe bí àwọn ọmọ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ó tún sọ pé ara àwọn òbí wọn kò yá mọ́ ènìyàn. Nígbà tí yóò fi di 1949, ó ti fi ilé wọn wé fìríìjì. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Bruno Bettelheim ní Chicago gbé ìwé kan jáde ní 1967 tí ó tún di ẹrù náà lé àwọn ìyá lórí. Ẹ wò ó! Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń kàwé nínú ilé alárànpò sọ ohun kan náà tí wòlíì Mowe sọ, orúkọ ni wọ́n yí padà. Bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni. Bí kò bá dára, ti ìyá ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òwe yìí dé òkè òkun.

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde dáadáa lòdì sí i ni Bernard Rimland, onímọ̀ ìrònú tí ń ṣiṣẹ́ fún ológun ojú omi Amẹ́ríkà, tí ọmọ tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1964, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ara ni ọ̀ràn yìí ti wá, kì í ṣe ìfẹ́ ìyá tó dín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àwa Yorùbá mọ iyì wọn jù, àwọn ìbejì. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter gbé iṣẹ́ wọn jáde ní London lórí ìbejì 21 tí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, ní ọ́tísíìmù. Nínú 11 tí wọ́n ti inú ẹyin kan náà wá, 4 ni Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní in. Nínú 10 tí ẹyin wọn kì í ṣe ọ̀kan, kò sí ọ̀kan tí àwọn méjèèjì jọ ní in. Ilé kan náà, ìyá kan náà, ọmú kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìyá ni ó ń fà á, kí ló mú ìyàtọ̀ wá?

Àwọn kan lè sọ pé àrùn òyìnbó ni èyí, kí ló kàn wá ní ìpínlẹ̀ Ògùn? Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Láti Ifo dé Abẹ́òkúta kò jìnnà. Ní Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro ní 1954, tí ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe pọ̀. Ó fi han ayé pé a lè tọ́jú ọpọlọ ní àárín ẹbí, láìjẹ́ pé a ti ènìyàn mọ́lé. Ní 1976, ọdún náà gan-an tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Longe kọ̀wé sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ nípa ọmọ Nàìjíríà 4 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù. Ní 1978, Victor Lotter gbé ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ jáde: ó ti wá a kiri ìlú ńlá 9 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, Nàìjíríà wà nínú wọn, ó sì rí i. Wọ́n wà láàárín wa tipẹ́. Orúkọ ni a kò ní fún wọn.

Ọdún 1979 ni ìtàn náà yí padà lójú tèmi. Lorna Wing, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, àti Judith Gould yẹ àwọn ọmọ agbègbè Camberwell ní London wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò rí bákan náà. Àwọn kan ń takété sí ènìyàn. Àwọn kan kì í wá ènìyàn, ṣùgbọ́n bí o bá wá wọn, wọ́n á gbà fún ọ. Àwọn kan sì ń wá ènìyàn kiri, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá a ṣàjèjì.

Mo pa ìwé náà dé, mo sì ka ọmọ mẹ́ta lórí ìka. Èkíní ni Àyìndé wa ní Mowe, tí yóò kọjá lára àlejò bí ẹni kọjá lára òpó. Èkejì ni ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ ìyá wa kan ní Ibafo: ibi tí o bá fi í jókòó sí ni yóò wà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fà á wọ inú eré, á tẹ̀ lé wọn, bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, kò ní bi wọ́n. Kò sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí náà kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọnù. Ẹ̀kẹta ni ọmọ aládùúgbò wa àtijọ́ ní Ifo, tí kì í dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. Yóò dá àgbàlagbà dúró lójú ọ̀nà láìkí i, yóò bi í bóyá ó ti wọ ọkọ̀ náà rí, yóò sì tún un bi nígbà mẹ́wàá. Ìlú mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta, àwọn dókítà sì fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n. Ta ni yóò sọ pé wọ́n jọra?

Bí ìwà wọn kò bá jọra, ṣé ọpọlọ wọn jọra? Ìbéèrè tí àwọn tí ń ya àwòrán ọpọlọ bá pàdé nìyẹn. Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya inú orí láìfi abẹ kàn án, ni wọ́n ń lò. Ní 1988, Eric Courchesne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kéde pé apá kan nínú ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ kéré lára àwọn tó ní ọ́tísíìmù. Àwọn mìíràn wá a, wọn kò rí i. Ní 1994, Courchesne tún un wò, ó sì rí ìdí kan: nínú wọn, apá náà kéré lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi ju bó ti yẹ lọ lára àwọn díẹ̀. Ẹ rò ó bí iṣẹ́ aránṣọ. Bí Táíwò bá ga tí Kẹ́hìndé sì kúrú, tí aránṣọ wá gé aṣọ méjèèjì sí ìwọ̀n àárín, kò sí èyí tí yóò bá ara mu nínú wọn. Ẹni tí kò rí wọn, tí ìwọ̀n àárín nìkan ló rí, yóò ní ènìyàn bí ènìyàn ni wọ́n, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n kó àwòrán púpọ̀ jọ. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ń jẹ́ ENIGMA fi ọpọlọ ẹni 1,571 tó ní ọ́tísíìmù wé ti ẹni 1,651 tí kò ní in. Wọ́n rí ìyàtọ̀: èèpo ọpọlọ níwájú orí nípọn díẹ̀ sí i, ti ẹ̀gbẹ́ orí tín-ín-rín díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fi ojú aránṣọ yẹn wò ó yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ta ni?

Níbí ni a ó ti padà sí orí ńlá tí Kanner kọjá lára rẹ̀. Ní 2011, Christine Wu Nordahl, David Amaral àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní California pín àwọn ọmọ wọn sí ọ̀nà méjì kí wọ́n tó wọn ọpọlọ: àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ti ń bá ènìyàn ṣe, tí ó wá bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti àwọn tí ìyàtọ̀ ti hàn lára wọn láti kékeré. Ọpọlọ àwọn ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn tóbi ju ti àwọn ọmọkùnrin yòókù lọ. Ti àwọn ọmọkùnrin tí nǹkan kò bọ́ lọ́wọ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò ní ọ́tísíìmù. Láàárín àwọn obìnrin, wọn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá yẹ ìwọ̀n orí àwọn ọmọ náà wò, èyí tí a ti ń kọ sílẹ̀ láti ìgbà ìbí wọn. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni orí àwọn ọmọkùnrin tí yóò pàdánù ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára dàgbà ju ti ẹgbẹ́ wọn, ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó rí ohun kankan. Ọ̀rọ̀ kò tíì dé, áḿbọ̀sìbọ́sí pé yóò lọ.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo gbé ìwé náà dé Mowe. Alẹ́ ni, iná ti lọ, Àyìndé ń to ìdérí ìgò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi orí, ó dá mi dúró.

"Oṣù mélòó lo pè é?"

"Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, màmá."

Ó ka ìka rẹ̀ nínú òkùnkùn. "Ifo la wà nígbà náà."

"Ifo la wà, màmá."

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé nígbà tí Àyìndé wà ní ọmọ oṣù méje, fìlà tí bàbá wa rà fún un fún ọdún Iléyá kò wọ̀ ọ́ lórí, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín pé orí ọba ni. Mo kìlọ̀ fún un pé fìlà kan kì í ṣe ẹ̀rí. Pé ọmọ California ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe Àyìndé. Pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn tóbi ni kò ní ohunkóhun, àti pé ọ̀pọ̀ tó ní ọ́tísíìmù ni orí wọn kò tóbi. Ó ní, "Mo gbọ́. Ìwọ ṣáà tún ibi oṣù yẹn kà." Mo tún un kà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà títí mo fi padà, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òru yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn ti parí. Kò sí àwòrán ọpọlọ kankan tí dókítà lè wò lónìí kí ó fi mọ̀ pé ọmọ kan ní ọ́tísíìmù. Ìwà ọmọ náà ni wọ́n ń wò, òbí rẹ̀ ni wọ́n sì ń bi. Orúkọ gan-an kò tíì dúró sójú kan. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kó orúkọ púpọ̀ pọ̀, ti Asperger wà nínú wọn, wọ́n sọ wọ́n di ẹyọ kan. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Princeton wo ìwà àwọn ọmọ tó lé ní 5,000, wọ́n sì tún pín wọn sí ọ̀nà 4, wọ́n ní ohun àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń tú u ká. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn.

Iṣẹ́ tó kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò ju ẹnu wa lọ. Odi, emèrè, dìndìnrìn, àkẹ́bàjẹ́: ìwọ̀nyí ni orúkọ tí a ní nílẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo sọ, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ nípa èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹni tí ń takété, fún ẹni tí ń gbà bí a bá wá a, fún ẹni tí ń wá ènìyàn ní ọ̀nà tirẹ̀, àti fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ dé sí lẹ́nu tí ó sì padà lọ, ìyá tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ifo yóò lè sọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ láìbá ara rẹ̀ ṣẹjọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.

Àyìndé ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Ó ṣì ń sọ pé "Ṣé o fẹ́ mu omi?" nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ òun fúnra rẹ̀. Ní ilé wa, kò sí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín mọ́. A ń bu omi fún un ni.